Wáyà Ezekiel Mọ Àgbà

Ní Bẹ́rẹ̀ n'Ìbàdàn, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ezekiel oníwáyà, ìtàn ọjọ́ tí ilé Àlájì Sàlámì ń retí rédíò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí.

Ọdún 1978 ni. Àlájì lọ sí Mẹ́kà, ọjọ́ tó dá ti kọjá, wọ́n sì ní àìsàn ń jà níbẹ̀. Láago mẹ́rin ọ̀sán, rédíò yóò ka orúkọ àwọn tó ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Rédíò kan ṣoṣo ló wà nílé, nínú pálọ̀ Àlájì. Kí ìjà má baà wáyé, Bàbá Ezekiel ti yọ sípíkà inú rẹ̀ tí í ṣe ẹnu rẹ̀, ó fa wáyà látibẹ̀ wá sínú àpótí pákó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá pín in sí yàrá ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníkálukú ní sípíkà tirẹ̀ lára ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo sípíkà náà yadi.

Kí wọ́n lọ gbọ́ ọ nílé aládùúgbò ńkọ́? Ìyá Àkíbù, tí í ṣe ìyáálé, ní òun kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ará ìta.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni Bàbá dé. Ó gbé etí lé àpótí. "Eléyìí ò lẹ́ṣẹ̀. Wáyà kan ló ń fa àwọn yòókù lulẹ̀. N ó yẹ̀ wọ́n wò láti ọ̀dọ̀ ìyáálé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi!" Kúlúsúmù, ìyàwó kékeré, ló ké bẹ́ẹ̀. "Tèmi ló kọ́kọ́ dákẹ́!"

"Ìwọ tó o wọlé lọ́dún tó kọjá? Kí n fo ìyàwó mẹ́ta? Wáyà tèmi mọ àgbà."

Ó wọ yàrá ìyáálé, ó kí i, ó kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú wáyà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dì í padà. Sípíkà kò sọ̀rọ̀. Ó kọjá sọ́dọ̀ ìyàwó kejì, ó tún ṣe gbogbo rẹ̀, tìkíni-tìkíni. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ẹnu ọ̀nà Sìdí, ìyàwó kẹta, ló ṣì wà, tó ń béèrè àlàáfíà ìyá ìyá rẹ̀.

"Ìyá ìyá mi ti kú!" Sìdí jágbe.

"Háà! Ẹ kú aráfẹ́rakù," ni Bàbá wí, ó sì jókòó kó lè kẹ́dùn dáadáa.

Ara Ìyá Àkíbù kò gbà á mọ́. "Bàbá Ezekiel, ẹ gbọ́ o. Mo yọ̀ǹda ipò mi fún Kúlúsúmù títí di aago márùn-ún. Òun ni ìyáálé báyìí."

Bàbá ronú sí i, ó dìde. "Ìyáálé tuntun, ẹ káàsán o, mà." Ó wọ yàrá Kúlúsúmù.

Ìborùn tútù kan ló bá lórí wáyà. Kúlúsúmù ló sá a síbẹ̀, tó fi píìnì gún un mọ́ wáyà kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Píìnì yẹn ló so wáyà méjì pọ̀, tó pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́. Bàbá fà á yọ. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bú sọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, olùkéde ti ń ka orúkọ lọ: ti Ìsẹ́yìn, ti Ṣakí, lẹ́yìn náà, "Sàlámì Àjàní, Bẹ́rẹ̀, Ìbàdàn."

Igbe ayọ̀ wọn dé Mápó. Ìyá Àkíbù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wí pé "Àlùhàmùdùlílàhì" bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó ní, "Kúlúsúmù, ó yá, dá ipò padà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tún fáànù ṣe fún obìnrin kan, Adéyẹ́misí, ní Kúdẹtì, tí fáànù wá ń yí sẹ́yìn. Obìnrin náà ní atẹ́gùn kò kan òun rárá. Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu: "Ooru lẹ ní ó ń dà yín láàmú. Ooru ni mo ní kó máa fà jáde. Ẹ ò bá mi sọ ti atẹ́gùn!"

Ọdún 1993 ló sùn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ kí opó rẹ̀, Títílayọ̀, ní Òkè Padre. Wọ́n tún ìtàn rédíò sọ, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, opó náà pẹ̀lú.

"Ẹ rò pé oríkunkun ni?" ló wá bi wọ́n. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Kó tó kúrò nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kúnlẹ̀ gbàdúrà fún Àlájì. Ó ní bí orúkọ yẹn ò bá sí ńbẹ̀, wáyà òun ni yóò gbé ìròyìn búburú náà wọ yàrá obìnrin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìyá Àkíbù fa etí ìborùn, ó nu ojú.

"Àṣé ìdí tó fi kí wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn," ló wí.