Ópọ́ọ̀sì Kọkànlélọ́gbọ̀n ti Ọ̀gbẹ́ni Herbert

Bí ẹ bá wà ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà yẹn, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù onírun nínú oòrùn oṣù kẹta, tó so táì tó dà bíi labalábá mọ́rùn, tó ń gòkè Adigbe lọ pẹ̀lú báàgì ìwé lábẹ́ apá, tí òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ń ti lọ́rì, ẹ má fòyà. Kì í ṣe wèrè. Ọ̀gbẹ́ni Herbert Olújìmí Ṣófọláhàn ni. Ó ń lọ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Wásinmi ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí. Gààrí yẹn náà ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, pé kó lọ kọ́ṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá fi yan gààrí, tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wọn lójú. Nígbà tí ọmọ dé lọ́dún 1978, àwọn ẹbí ní kó wá wọn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ìjà lè tán. Ló bá ní orin lòun kọ́ o. Ó ní òun ń kọ orin kíláásíkà, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń jókòó tì láì mi orí rárá.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Olújìmí, orin náà ò wá ní ibi tí èèyàn ti lè jó o?"

"Màmá, orin ọlọ́pọlọ kì í ṣe fún ijó."

  Ìyá padà sídìí agbada.

Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá Adétáyọ̀ kú, àwọn tó jẹ́ ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré kan ní Adigbe láti ayé ìjọba òyìnbó. Télọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orin í kọ́ èèyàn. Sọ́lfà ni wọ́n fi ń kọ́ni: do, re, mi, fa, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí pátákó, wọ́n á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i, àgbẹ̀ á kọ ọ́, aránṣọ á kọ ọ́, ẹni tí kò ka ìwé kọjá Stándáàdì Tú á kọ ọ́, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wọra wọn bí ọmọrí ṣe ń wọ ìkòkò.

Lára àwọn tí Bàbá Adétáyọ̀ kọ́ ni Màmá Harriet. Tíṣà ìránṣọ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n dáyé. Áltò ni wọ́n ń kọ láti ọdún 1946. Ẹ̀yin tí ẹ ò kọrin rí, áltò ni ohùn tó wà nísàlẹ̀ tírẹ́bù. Tírẹ́bù ló ń gbé orin tí gbogbo ìjọ mọ̀, tí wọ́n á máa kùn dé ilé. Áltò á kàn máa bá a rìn lábẹ́ ni, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yin iyọ̀, àfi ọjọ́ tí kò bá sí.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá Harriet ṣì ń fẹ́ láyé. Nígbà tí wọ́n sin Bàbá Adétáyọ̀, àwọn akọrin wọ aṣọ funfun, wọ́n tẹ́ aṣọ akọrin ti Bàbá lé orí pósí, wọ́n sì fi ohùn mẹ́rin kọrin sìn wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé dé etí sàréè. Màmá wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ áltò, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ní nínú ọkàn wọn pé bí wọ́n bá ṣe èyí fún òun náà, ó tán. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kàdúná, ìgbà tó bá wù ú ló ń wálé. Ta ló kù tó máa sin wọ́n bí kò ṣe àwọn akọrin? Òfin ẹgbẹ́ sì le: orúkọ ẹni gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó kú. Ẹni tó bá ti dá aṣọ padà, orin ìjọ méjì, àdúrà kan, wọ́n á gbé e lọ.

Báyìí ni Herbert wọlé, òun ni wọ́n fi rọ́pò Bàbá Adétáyọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó sídìí dùùrù, ó gbójú sókè wo pátákó, ó wo do re mi tí Bàbá Adétáyọ̀ kọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kú, ó yínmú.

"Sọ́lfà! Nǹkan àwọn ará oko!"

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ará oko. Ọmọ Wásinmi! Ó ní stáàfù ni gbogbo ayé ń kà, àwọn ìlà márùn-ún tí wọ́n to àmì dúdú dúdú lé lórí. Ló bá kó gbogbo ìwé sọ́lfà ọjọ́ pípẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù sínú àpò gààrí, ó ní òun ń lọ dáná sun ún. Áńtẹ́mù ìkórè tí wọ́n ti ń kọ lọ́dọọdún láti 1946, tí àwọn ọmọdé ìjọ mọ̀ lórí kí wọ́n tó mọ Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ tòun ni wọn yóò máa kọ.

Iṣẹ́ wo? Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ópọ́ọ̀sì ló ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà bí ilé ìjọba. Ópọ́ọ̀sì kẹrin, ìgbà tí alàgbà kan ṣí ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló kọ ọ́. Ó gba ìṣẹ́jú àádọ́ta, kó sì tó parí, àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ópọ́ọ̀sì kẹtàdínlógún dé rédíò. Lóòótọ́! Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, kí wọ́n tó gé e láti fi ka ìkéde òkú, ìkéde òkú náà sì dùn-ún gbọ́ jù ú lọ. Ti kejìlélógún ló wá burú jù. Ó ní kí gbogbo akọrin dákẹ́ fún odidi ojú ìwé kan, kí dùùrù náà dákẹ́, pé ìdákẹ́jẹ́ náà orin ni. Bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì rò pé NEPA ti mú iná, ó ti sáré bọ́ síta lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Herbert ní ìlú Ẹ̀gbá ò tíì tó òun í gbọ́.

Ọdún mẹ́rin ló lò bẹ́ẹ̀. Ní 1982, bí ìkórè ṣe ku oṣù kan, ó ní Ópọ́ọ̀sì kọkànlélọ́gbọ̀n ti dé o, òun ló ju gbogbo èyí tó kù lọ, kò sí ẹni tó máa gbọ́ orin rẹ̀ kó tó tó àkókò. Adépéjú nìkan, ọmọbìnrin tó ń lé tírẹ́bù, ló ń pè lọ sílé rẹ̀ láti kọ́ ọ. Ó wá kéde pé ẹni tí kò bá lè ka stáàfù lójúkojú ní Sátidé, kó kó aṣọ rẹ̀ wá. Àgbà mẹ́rin ló ń bá wí. Mẹ́ta ti dá aṣọ padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ojú tì wọ́n. Ó ku Màmá Harriet.

Màmá gba ọ̀kan nínú àwọn ìwé stáàfù náà, wọ́n gbé e lọ sí Ìtòkú, sọ́dọ̀ Bùsírátù ọ̀rẹ́ wọn tó ń rẹ àdìrẹ. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. Bùsírátù nu ọwọ́ aláró sára ìró, ó gba ìwé, ó dà á síwá, ó dà á sẹ́yìn.

"Ta ló da èèrà sórí wáyà NEPA báyìí?"

"Orin ni."

"Irọ́ ni. Wọ́lááhì, gbé e kalẹ̀ níbí kí n fi ya àdìrẹ. Ó máa tà."

"Bùsírátù, mi ò bá ẹ ṣeré. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n kà ní Sátidé, wọ́n á gba aṣọ mi."

"Kí wọ́n gbà á! Ìwọ tó o ti lé lọ́gọ́ta, ìdánwò lo tún ń bẹ̀rù? Máa bá mi lọ sí àsáláátù wa. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní ìwé orin níbẹ̀."

"Tí mo bá wá kú ńkọ́?"

"Tó o bá kú, màá sunkún ẹ. Màá sunkún débi tí wọ́n á gbọ́ ọ ní Láfẹ́nwá."

Màmá Harriet mi orí. "Ẹkún ẹ ò ní ohùn mẹ́rin, Bùsírátù."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti Màmá ò pẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi wo ìwé yẹn. Wọ́n wò ó láàárọ̀, wọ́n wò ó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èèrà náà ò sọ̀rọ̀.

Sátidé dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo akọrin pé. Herbert tiẹ̀ lọ pe Fíkà, àlùfáà ìjọ, fúnra wọn pé kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n má baà sọ pé òun fìyà jẹ àgbà. Màmá gbé aṣọ funfun wọn dání nínú ọ̀rá, nítorí wọ́n ti gbà fún Ọlọ́run.

Ó ní kí Màmá bọ́ síwájú. Ẹnìkan nínú àwọn áltò sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ fún wọn ní áltò kí wọ́n kà." Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Áltò kẹ̀? Kí wọ́n lè máa fetí gba ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Rárá o. Mádàámù Harriet, orin tírẹ́bù gan-an ni ẹ máa kà fún mi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí. Bí ẹ bá mọ ìwé, a ó mọ̀."

Ó ti ìwé bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó jókòó, ó tẹ ìlà àkọ́kọ́ lórí dùùrù, pé ibi tí ohùn ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ogún ọmọ á máa ké lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí tìẹ bá ké, àyà rẹ á já, wàá ti dìde kó o tó mọ̀ pé o dìde. Bó ṣe rí lára Màmá nìyẹn. Orin tí Herbert tẹ̀, tiwọn ni. Áltò wọn ni! Áltò áńtẹ́mù ìkórè, láì yẹ̀ síbì kan, ohùn tí wọ́n ti ń kọ nísàlẹ̀ àwọn tírẹ́bù láti 1946, tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ ò dá mọ̀ nítorí ẹnikẹ́ni ò dá a gbọ́ rí. Herbert yọ ọ́ lábẹ́, ó gbé e sókè, ó fún un ní nọ́ńbà.

Màmá ò tún wo ìwé. Wọ́n di ojú.

"Sọ sọ mi, fa mi re. Mi mi fa sọ, la sọ mi."

Wọ́n kọ ọ́ débi tí Herbert tẹ̀ ẹ́ dé, wọ́n sì ń lọ. Wọ́n lọ sí ojú ìwé kejì tí wọn ò ṣí. Adépéjú, tó mọ orin náà, la ẹnu sílẹ̀, nígbà tó sì wo ọwọ́ Màmá, ó pariwo: "Màmá, ẹ dorí ìwé kodò!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Herbert dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ta ló fi orin mi hàn yín? Adépéjú, ìwọ lo kọ́ wọn!"

"Èmi kọ́, Ọ̀gá! Mo fi Bíbélì búra!"

Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi ń pè é ní Ọ̀gá. Wọ́n yíjú sí i.

"Olújìmí," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "O ní o jó ìwé Bàbá Adétáyọ̀."



Màmá kọjú sí àwọn tírẹ́bù. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí áńtẹ́mù ìkórè wa? Ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró tì mí."

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù gbè é. Màmá kọ Ópọ́ọ̀sì kọkànlélọ́gbọ̀n sábẹ́ rẹ̀, méjèèjì sì bára wọn mu wẹ́kú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Àmín. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ béèsì ò mọ ìgbà tí wọ́n wọlé. Fíkà bo ẹnu pẹ̀lú ìwé àdúrà, èjìká wọn ń gbọ̀n.

Nígbà tó tán, Fíkà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ṣófọláhàn, ẹ bá mi tú u."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́ọ̀wọ́ọ̀. Ó ní àwọn àgbà olórin òyìnbó náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àfiwé ni. Ó ní ìmísí ni. Ó sọ gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí kò bára tan.

"Mo ní ìbéèrè kan," ni Màmá wí. "Bó o ṣe gbé áltò fún tírẹ́bù, kí lo wá kọ fún àwa áltò?"

Adépéjú ló dáhùn, kò lè mú un mọ́ra. "Màmá, 'úùù' ni. 'Úùù' ni ẹ̀yin áltò ń ṣe látòkèdélẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde débi tí àwọn ẹyẹ orí páànù fò. Herbert jókòó gbì sórí àga dùùrù. Fíkà fa ìwé ẹgbẹ́ jáde, wọ́n kọ orúkọ Màmá Harriet padà sójú ìlà tí Herbert ti fi yíǹkì pupa fagi lé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ti àwọn mẹ́ta tó ti lọ sílé náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó tún máa yọ ọ́ títí Ọlọ́run á fi yọ ọ́."

Màmá padà sáyè wọn láàárín àwọn áltò, wọ́n tẹ́ ìró, wọ́n jókòó.

"Olújìmí, máa tẹ dùùrù. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò tíì mọ nǹkan kan."

Ó gbọ́wọ́ lé e. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó tẹ áńtẹ́mù ìkórè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì ṣi ẹyọ kan. Kò wo ìwé kankan. Ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí.