Igbe Si Mokdad Lójú Fèrèsé

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù, ìjì ìlú Oran dé, ó yí àwo sátẹ́láìtì tó wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé alájà tí gbogbo wa ń gbé, àwòrán sì pòórá lójú tẹlifíṣọ̀n Si Mokdad, tó ti di olóògbé báyìí. Ọkùnrin mọ́kànlélógún ló jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sì ni. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin ló ni orí ilé: wọ́n ń fọ irun àgùntàn, wọ́n sì ṣí orí sílẹ̀, ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀.

Si Mokdad kò mira. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo náà kalẹ̀, ó sì ti búra pé kò sẹ́lòmíràn ní Oran tó mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ lókè.

“Zoulikha, yí i sí ọ̀tún!”

“Mo ti yí i.”

“Tún un yí. Ọ̀tún ni mo wí, Zoulikha. Àbí ọ̀tún tìrẹ yàtọ̀ ni?”

Ó ké ọ̀tún, ó ké ọ̀tún, títí Yazid, oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ ilé wa, tó jókòó láàárín wa, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. “Si Mokdad, bí ìyàwó yín bá ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ ń wí, àwo yẹn ti yípo lẹ́ẹ̀mẹta.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni àwòrán dé, ó mọ́ gaara. Si Mokdad fa orí wọlé, ó nu òógùn ojú. “Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe agbára. Ọgbọ́n ni.”

Bí bàbá náà ṣe rí nìyẹn. Ó ní ojú òun ń rí sátẹ́láìtì lójú sánmà lọ́sàn-án gangan, ó sì nàka sí i fún wa lọ́jọ́ kan. Nígbà tí sátẹ́láìtì náà gbọn ìyẹ́, tó bà sórí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí, ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń wí.

Àṣírí fẹ́ tú lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tí Slimane tó ń ṣe iṣẹ́ àwo gòkè lọ gbé ti Yazid kalẹ̀. Ó rí ilà làálì lára òpó àwo Si Mokdad, ó rí òmíràn lára irin tó gbé àwo dání. Bí ilà méjèèjì bá ti kanra, àwòrán dé nìyẹn. Lalla Zoulikha, bí àwa ará ilé ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pè é, ló fà wọ́n. Ṣe ló máa ń jókòó ti agbọ̀n aṣọ rẹ̀, tí á máa dáhùn títí ohùn ọkọ rẹ̀ á fi fẹ́ há, kó tó wá fọwọ́ kan dá àwo padà sójú làálì.

“Má sọ fún un, ọmọ mi,” ló bẹ Slimane. “Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní èbúté, kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwo yìí nìkan ló kù fún un.”

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ilé ti gbọ́. Ilé tí kì í lè pa ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tó jóná mọ́ra bo bàbá náà láṣìírí fún ọdún mọ́kànlá. Yazid pàápàá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ ọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ ju bí a ti fẹ́ràn òtítọ́ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a sin Si Mokdad, ìjì tún jà. A wà lọ́dọ̀ opó rẹ̀, a ń mu kọfí, nígbà tí àwòrán pòórá. Lalla Zoulikha dìde, ó gòkè lọ. Kọfí wa kò tíì tutù tí àwòrán fi padà, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ̀ kalẹ̀. A retí rẹ̀ títí. Yazid lọ sójú fèrèsé.

“Lalla, ó ti dé o. Ó mọ́ gaara.”

“Mo mọ̀,” ló dáhùn láti òkè. “Ẹ ṣáà bá mi pariwo díẹ̀.”

Yazid wò wá. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó yọrí síta, ó sì fi gbogbo agbára ké.

“Ọ̀tún ni mo wí, Zoulikha!”

Ohùn Lalla Zoulikha dáhùn láti orí ilé.

“Mo ti yí i.”