Òkè Tí Kò Sí ní Rọ́ṣíà

Nígbà tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ṣì ń fojú burúkú wo ara wọn, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ní yunifásítì kan ní àdúgbò Third Ward, ní Houston, l'Amẹ́ríkà. Ìgbèríko kan ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ní kí n kọ ìwé àṣekágbá lé lórí: bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, àti irú èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá fìdí rẹmi, físà mi dópin nìyẹn, ilé yá.

Ìwé tó wà ní láíbìrì kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnjiníà ní Deer Park, ìlú kan lẹ́bàá Houston, tí wọ́n ti kàwé ní Rọ́ṣíà. Wọn kì í jẹ́rìí kí yìnyín Rọ́ṣíà má wọ̀ ọ́.

"Ibẹ̀ yẹn? Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó," ni wọ́n wí.

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó tì mí nílé wọn. Wọ́n ní òkè gíga kan wà lẹ́yìn ìlú, odò yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ wáṣẹ́, ó ku àwọn ìyá àgbà àti ewúrẹ́. Mo kọ ọ́, mo ya máàpù rẹ̀. A kì í bi àgbà pé ta ló rí wọn níbẹ̀, mi ò sì bi wọ́n.

Olùkọ́ mi tẹ́ máàpù tirẹ̀ sórí tábìlì. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bi mí pé òkè wo ni mo yà, ó sì fún mi ní F.

Mo padà sí Deer Park, ìdajì ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ débẹ̀ rí?"

Wọ́n wolẹ̀. "Àbúrò, mi ò kúrò ní hostel wa ní Moscow. Òkè ìlú wa l'Ékìtì ni mo sọ fún ẹ. O ti wá bá mi, how can I say I don't know?"

Ó dùn mí wọ eegun. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ físà mi, síbẹ̀ wọ́n tà mí lọ́pọ̀ nítorí iyì. Mo ń retí kí wọ́n bẹ̀ mí.

"Ṣé o ò dárúkọ mi fún wọn ṣá?" ni wọ́n wí.

"Ó wà ní ojú ìwé kìíní, sà. Ibẹ̀ ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá bẹ̀ mí: kí n lọ pa orúkọ àwọn rẹ́.