Eku Ọmọ Ìyá Kan Náà

Òórùn ìtọ̀ eku kì í tètè kúrò lára aṣọ. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan lẹ́yìn gbàgede Tinúbú, tí èmi náà wọ kóòtù funfun, tí mo rò pé mo ti di dókítà, òórùn yẹn ni mo máa ń gbé wọ agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀gá wa, aṣeféfé ẹ̀dá, ń po oògùn ibà kan. Nínú àwọn eku funfun tó fi dán an wò, kò sí ọ̀kan tó kú. Ló bá ń yan kiri bí ẹni jẹ oyè.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo eku yẹn! Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n jọ ń gun ara wọn láti ìran dé ìran, títí ẹ̀jẹ̀ wọn fi di ọ̀kan ṣoṣo. Bí ara ṣe ń gba oògùn, àjogúnbá ni, ìka ò sì dọ́gba. Mo ní ká dán oògùn náà wò lára èkúté ilé, tí kálukú wọn ní ìyá tirẹ̀. Ọ̀gá ní, "Eku ni eku." Mo mú èkúté láti àgbàlá wa, mo fún wọn lóògùn. Àwọn kan ń sáré kiri, àwọn kan kú fin-ín-fin-ín. Ọ̀gá yínmú: "Ìdọ̀tí Ìsàlẹ̀ Èkó ló pa wọ́n. Kó wọn dànù." Ọ̀mọ̀wé òṣì!

Lọ́dún náà, ibà ò jẹ́ kí ìyá àgbà wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbádùn rárá. Òun ni ọ̀gá fẹ́ kó kọ́kọ́ lò ó, kó lè fi ṣe ìpolówó ọjà. Mo sọ ohun tójú mi rí fún Ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Nínú agbo ilé yìí, ohun tí ọmọ ìyá mi mu tó fi dìde ni ọbàkan mi mu tó fi dùbúlẹ̀. Jẹ́ kó wá."

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ọ̀gá wá. Ó jẹ ẹran, ó lá ọwọ́, ó gbé ìgò kalẹ̀. Ìyá da oògùn sínú ife, wọ́n sún un sí i.

"Dókítà, ẹ tọ́ ọ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbé nǹkan mímu wá ló ń kọ́kọ́ mu."

Ó wo ife, ó wò mí. "Ìyá, mò ń gbààwẹ̀ ni."

Òróró ẹran ṣì ń dán lẹ́nu rẹ̀! Ìyá ò tilẹ̀ bínú. "Ẹ máa gbé ìgò yín lọ. Èkúté ilé wa ti bá mi mu tèmi."

Ọsibítù ni Ìyá ti gba ìwòsàn, wọ́n ṣì wà láàyè. Ọ̀gá wà ní Marina, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo bá pàdé èkúté lágbàlá lónìí, mo lè yà fún un. Ọ̀gá ni mi ò ní yà fún.