Ẹ̀rọ Tó Ń Pariwo Bí Ìyá Mi

Ìyá mi ló yá ẹ̀rọ náà lóhùn, òun náà ló sì kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Ìgàndó, bí òjò bá rọ̀, omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ni mo bá so wáyà méjì mọ́ spíkà kékeré kan: bí omi bá kàn wọ́n, spíkà á figbe ta. Ohùn ìyá mi ni mo gbà sínú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè sùn tí ìyá mi bá ń pariwo. "Omi ti dé o! Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì!"

Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kò mọ omi òjò yàtọ̀ sí omi ọbẹ̀. A nulẹ̀, ó ké. A tẹ̀bà, omi dà nù, ó ké. Àwọn alájọgbé wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló ń bí màámi nínú tó báyìí.

"Nínú èmi àti ẹ̀rọ ẹ yìí, ẹnì kan máa kó kúrò nílé yìí," ni ìyá mi wí. "O ti sọ mí di aláriwo, jàre!" Ó ti di báàgì rẹ̀, Ìjẹ̀bú ló ń lọ. Mi ò sì fẹ́ kó lọ rárá. Ta ni yóò máa bá mi ja ìjà rìmóòtù?

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan pawọ́ pọ̀. Ìjọba mú yàrá wá, ilé-iṣẹ́ mú iná sólà àti irinṣẹ́ wá. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá wú wọn lórí ni yóò lo yàrá náà fún ọdún kan. Mo sáré forúkọ sílẹ̀. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń sún mi o. Ibi tí màá tọ́jú igbe ìyá mi sí ni mò ń wá.

Lọ́jọ́ ìdíje, pásítọ̀ gbàdúrà, àáfà gbàdúrà, wọ́n kí àwọn èèyàn ńlá títí ó fi sú mi. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó ní Áílàǹdì, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gbohùngbohùn ni aṣojú ìjọba, tó jókòó nídìí tábìlì tí mo gbé ẹ̀rọ mi lé, feyín já piọ́ wọ́tà. Omi ta sórí wáyà.

"Omi ti dé o! Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì!"

Oòrùn ń ràn lóde, ṣùgbọ́n onílé Ìgàndó kì í bi omi ní ìbéèrè. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n ń gbé àga lé orí tábìlì, àáfà ká jalabíà sókè, aṣojú ìjọba bọ́ bàtà ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nìkan ló dúró, tó ń bèèrè pé, "Bẹ́ẹ̀dì wo?"

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọn ò ní kí n ṣàlàyé kankan mọ́. Wọ́n fún mi ní yàrá.

Mo gbé ẹ̀rọ lọ, ìyá mi tú báàgì rẹ̀, ilé sì tòrò. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń sùn lọ ní tèmi nígbà tí mo gbọ́ ọ: "Omi ti dé o! Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì!" Mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹ̀rọ máa ń wà tẹ́lẹ̀, láti pa á. Omi ni ọwọ́ mi bà. Mo lajú, ìyá mi ló dúró tì mí lórí, ó ká ìró dé orúnkún, ohùn rẹ̀ ti há.

"Tó bá di Mọ́ńdè," ó ní, "lọ gbé ẹ̀rọ mi wálé."