Modinat Wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Ọkùnrin

Mukhtar, ọkọ Modinat, tó jẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, ló mú un mọ kíláàbù kan tó wà nítòsí ibẹ̀. Àwọn òyìnbó ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló kọ́ ilé rẹ̀ kí Nàìjíríà tó gbòmìnira: bíríkì pupa, òrùlé gíga, gbọ̀ngàn ńlá láàárín, fàráńdà gbọọrọ lẹ́yìn. Ọkùnrin a jókòó nínú gbọ̀ngàn, àwọn ìyàwó a wà ní fàráńdà. Ibẹ̀ ni Modinat ti ní ọ̀rẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bá a sunkún nígbà tí Mukhtar kú.

Lẹ́yìn tó jáde opó, ó tún lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan. Fọlábí, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni kíláàbù náà, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ má bínú, Mà. Orúkọ ọkọ yín lẹ fi ń wọlé. Ní báyìí tí wọn ò sí mọ́..."

Modinat yí mọ́tò padà sílé rẹ̀ ní Ọgbà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni opó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dun òun.

Alàgbà Ilésanmí, ará Èkìtì tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, gbọ́, ó lọ bá a nílé.

"Ìyàwó Mukhtar, fi orúkọ tìrẹ wọ ẹgbẹ́."

"Bàbá, wọn ò gba obìnrin rí."

"Obìnrin wo ló ti bèèrè?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, Làsísì, tó ní ilé búrẹ́dì l'Ágége, fárígá. "Bí a ṣe bá ilé yìí ni ká fi í sílẹ̀. Fàráńdà ni t'obìnrin!"

Ilésanmí rọra dìde. "Làsísì, nígbà tí òyìnbó kọ́ ilé yìí, bàbá ìwọ àti bàbá tèmi ò gbọdọ̀ tẹ fàráńdà yẹn pàápàá. Tá a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ibo ni àwa máa jókòó sí?"

Nígbà tí wọ́n dìbò, Làsísì náà nawọ́ pé kí wọ́n gbà á, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ tí Modinat kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn, ó lọ tààrà sídìí àga kan láàárín. Ó jókòó, ó wò yíká, òógùn bò ó.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, inú ooru yìí lẹ ti ń ṣe ọ̀gá látọjọ́ yìí?"

Làsísì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ràn Modinat ni wọ́n gbà tí wọ́n fi la ògiri tó dojú kọ fàráńdà, tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn fífẹ̀ sí i. Tọkọtaya ti ń jókòó pọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ báyìí. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, àmọ́ nígbà mìíràn á rántí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọdún tí òun àti Mukhtar fi jọ ń wá síbẹ̀, wọn ò jókòó sójú kan rí.