Ọ̀pá tí Ságárísì Fi Lé Ara Rẹ̀ Jáde

Bí ẹ bá dé Píréù, ìlú èbúté wa, nígbà ayé Ságárísì, ẹ ò ní béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ó kàn dúró létí èbúté títí ẹ ó fi gbọ́ ẹ̀rín. Okùn ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ okùn lọ́, àmọ́ ẹ̀rín ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Láti ikùn ni ẹ̀rín ọ̀hún ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á dúró díẹ̀ láyà, tó bá fi máa dé ẹnu, gbogbo ẹyẹ orí òrùlé á ti fò lọ. Ilé ìwẹ̀ tí èmi Míkíọ́nì ń tọ́jú kò jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti da omi gbígbóná sí oníbàárà lára nítorí ẹ̀rín yẹn.

Ẹrú ni wọ́n mú un wá láti ilẹ̀ Firígíà ní òkè òkun. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ orúkọ bàbá rẹ̀, odò kan ní ìlú wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lọ́ okùn fún ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún kó tó gba òmìnira. Ó wá fẹ́ Mánìà tó ń hun aṣọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọn ò bímọ. Ohun kan ṣoṣo tó sì ń dùn ún láyé yìí nìyẹn: bí wọ́n bá pe orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n á so orúkọ bàbá wọn mọ́ ọn, wọ́n á sì tún rí ọmọ tó máa jẹ́ orúkọ náà lọ. Tirẹ̀ dá dúró. Ó máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé, “Míkíọ́nì, bí mo bá kú, níbo ni ẹnikẹ́ni ti máa rí orúkọ mi kà?”

Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi wà lára òkúta ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ Díónísù, òrìṣà wáìnì, ni ẹgbẹ́ náà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù la máa ń pàdé. Ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, àlejò wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣẹrú rí náà wà níbẹ̀, nítorí òrìṣà yẹn kì í béèrè ẹni tó bí ọ kó tó bu tìrẹ fún ọ. Nígbà tí ọdún bá parí, orúkọ àwọn olóyè tó ṣe iṣẹ́ wọn láìlábùkù ni a máa ń gbẹ́ sára òkúta tó wà níwájú gbọ̀ngàn. Ẹ̀wà la fi ń yan olóyè. Ìwọ á tọwọ́ bọ ìkòkò, bí o bá fa funfun yọ, oyè kàn ọ́, bí ó bá jẹ́ dúdú, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ságárísì fi ń fa dúdú yọ.

Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá náà, òun ni a lé jáde jù lọ. Òfin wa ni pé tí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ariwo, kò sí àtẹ́wọ́, kò sí ẹ̀rín. Ẹni tó bá ṣẹ̀, Olùtọ́jú Ètò á gbé ọ̀pá òrìṣà, èyí tí a fi ewé wé lórí, á fi í lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni náà á sì dìde, á bọ́ síta láìfọhùn. Bí ó bá ṣorí kunkun, àwọn géńdé méjì tí à ń pè ní Ẹṣin á gbé e sọ síta. Àwọn Ẹṣin ò gbé Ságárísì rí. Kí ọ̀pá tó kanlẹ̀ ló ti máa ń dìde, a ó sì máa gbọ́ ìyókù ẹ̀rín náà láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún pé, ó fa funfun yọ. A wò ó, a tún ẹ̀wà náà wò. Oyè tó sì kàn án ni Olùtọ́jú Ètò.

Bàbá Ẹgbẹ́ wa, Nikásíọ́nì elépo, fi ọwọ́ bojú. “Òrìṣà náà fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀,” ló wí.

Nígbà tí Mánìà gbọ́ nílé, ó fi aṣọ tó ń hun sílẹ̀. “Ìwọ kẹ̀? Wọ́n mà ti fi ológbò ṣọ́ ẹja. Olówó orí mi, bí o bá lè pa ẹnu yìí mọ́ fún ọdún kan, èmi náà á pa tèmi mọ́.”

“Ìwọ ò lè ṣe é,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Ìwọ náà ò lè ṣe é. Jẹ́ ká máa wòran.”

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òfin sọ ọ́ kedere: ẹni tí a bá fi ọ̀pá lé jáde lọ́dún tó wà lórí oyè, orúkọ rẹ̀ ò ní dé ara òkúta. Ságárísì wá ọgbọ́n sí i. Ó ń fi kóró èso ólífì sábẹ́ ahọ́n, tí ẹ̀rín bá ti ń gòkè bọ̀, á dì í mú láàárín eyín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni á wá bá mi ní ilé ìwẹ̀, á jókòó sórí àga, á rẹ́rìn-ín èyí tó ti fi pamọ́ láti àná. Báyìí ló ṣe fún oṣù mọ́kànlá. Ó sì tọ́jú ètò dáadáa. Nígbà tí Nikásíọ́nì alára ń bá ẹnì kan jà nítorí ìjókòó, Ságárísì rọra fi ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, atẹ́gùn wà níta.” Bàbá Ẹgbẹ́ sì jáde.

Ó ku ìpàdé kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ náà la máa ń ṣe eré àwọn òrìṣà nínú ìsìn, ẹ̀wà náà ló sì ń pín ipò fúnni. Ipò Afrodítì, òrìṣà ẹwà, ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wo èmi: irùngbọ̀n, ikùn, eérú iná ilé ìwẹ̀ lọ́rùn. Mánìà yá mi ní aṣọ, ó sì fi òwú aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ṣe irun sí mi lórí. Mo jáde, mo fi ohùn kékeré sọ pé, “Èmi ni mo jáde láti inú ìfófòó òkun.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ètò wà. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ságárísì tó ń gbọ̀n lórí kóró ólífì.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo mọ ohun tó wà lọ́rùn ọkùnrin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ mo ṣẹ́jú sí i.

Kóró náà fò jáde, ó ba Nikásíọ́nì níwájú orí. Ẹ̀rín náà tẹ̀ lé e, èyí tó ti kó jọ fún oṣù mọ́kànlá. Ìgbà tó dákẹ́, gbogbo wa ń wo ilẹ̀. A ti ṣe tán láti ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó láṣẹ láti fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Ságárísì wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó fi í lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ń jókòó lé, ó sì bọ́ síta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ò gbọ́ ohunkóhun láti ẹ̀yìn ògiri. Ojú tì mí, irun òwú náà sì ń yún mi lórí.

Mo lọ bá a láàárọ̀, ó ń lọ́ okùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣẹ́jú.”

“Mo rí ọ. Kò yẹ Afrodítì rárá.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jáde? Ta ni ì bá lé yín?”

“Mo lé aláàárù kan jáde lóṣù kẹta, ikọ́ ló wú tó jọ ẹ̀rín. Bí mo bá jókòó lánàá, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo onítọ̀hún?”

“Orúkọ yín ńkọ́?”

Ó so kókó kan, ó fà á le. “Ó wà lẹ́nu Mánìà. Ó ń fi í bú mi lójoojúmọ́.” Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a pàdé láti ṣètò òkúta, Ságárísì jókòó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí oyè rẹ̀ kò tíì parí. Nikásíọ́nì ka òfin: ẹni tí a lé jáde, a kì í gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo dìde.

“Bàbá, ta ló lé e jáde?”

“Olùtọ́jú Ètò.”

“Ṣé Olùtọ́jú Ètò ṣàṣìṣe láti lé e?”

“Rárá o. Ó rẹ́rìn-ín.”

“Ṣé ẹnì kan wà tó ṣẹ̀ lọ́dún yìí tí Olùtọ́jú Ètò dá sí?”

“Kò sí.”

“Ẹ gbẹ́ orúkọ Olùtọ́jú Ètò, nígbà náà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, ẹ má gbẹ́ tirẹ̀.”

“Ẹnì kan náà ni wọ́n, Míkíọ́nì.”

“Ẹ bi aláàárù yẹn léèrè bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n.”

Ẹ mọ àwa ará Píréù, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ búrẹ́dì. Ẹnì kan wá ní kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó fa ẹ̀rín náà gan-an. Mo ní èmi ni, mo ṣẹ́jú sí i nígbà ìsìn. Kí n tó jókòó, Ságárísì ti dìde. Ó gbé ọ̀pá wá, ó fi í lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Àbúrò,” ó ní, “atẹ́gùn wà níta.”

Bí mo ṣe wà níta nìyẹn nígbà tí wọ́n ń nawọ́ sókè láti dìbò lórí orúkọ Ságárísì, ọwọ́ tí wọ́n bá sì nà sókè kì í dún. Mo fetí mọ́ ògiri, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ṣí wàrà, Ságárísì sáré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìgbà náà ló tó ṣí ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó di ejìká mi mú, gbogbo ẹyẹ orí gbọ̀ngàn sì fò lọ.

Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti lọ. Ẹgbẹ́ ló sin ín. Àwọn atukọ̀ tó bá ń dúró de afẹ́fẹ́ máa ń ka òkúta iwájú gbọ̀ngàn láti fi pa àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí fi ń pe orúkọ rẹ̀. Mánìà kò mọ̀wé, nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, èmi ni mo máa ń kà á fún un.

“Kà á sókè,” ló máa ń wí. “Ìta la wà, kò sẹ́ni tó máa lé wa.”